TA NI Ó BORÍ? Ẹ̀kọ́ Lára Àwọn Olùdíje Orin Orí Tẹlifíṣọ̀n

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí jáde láti inú àríyànjiyàn kan tí ó ṣẹlẹ̀ níwájú mi ní ilé-kéú alẹ́ wa ní Ìyànà Ìbà. Mo bẹ̀ yín kí ẹ fi sùúrù kà á dé òpin, nítorí pé mo ní ẹ̀bi tèmi nínú rẹ̀, n ó sì jẹ́wọ́ rẹ̀ fún yín.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀

Ní ọdún 2023 ni, ní àsìkò tí ìdíje orin Nigerian Idol ń lọ lọ́wọ́. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń gbé e jáde. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa bá fi dé ní ọjọ́ Ajé lẹ́yìn ìrun Mọ̀ńgáríbì, wọn a ti pín ara wọn sí ọ̀nà méjì kí a tó ṣí Kùránì. Àwọn kan wà lẹ́yìn olùdíje yìí, àwọn yòókù wà lẹ́yìn tọ̀hún. Àwọn mìíràn tilẹ̀ fi owó oúnjẹ ra dátà, wọ́n sì ń yá fóònù àwọn ará ilé kí wọ́n lè dìbò.

Ọ̀dọ́mọbìnrin méjì wà láàárín wọn tí wọ́n jẹ́ ọ̀rẹ́ láti kékeré. Àgbàlá kan náà ni wọ́n ti dàgbà ní Òkokomáìkò, wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ álífù-báà ni, kọ̀rọ̀pẹ kan náà ni wọ́n sì máa ń wọ̀ wá sí kéú. Ọ̀kan ti wọ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí gbogbo wa ń pè ní LASU, ó sì wà ní ọdún kejì. Èkejì ti ṣe ìdánwò JAMB nígbà mẹ́ta, kò tíì rí ààyè wọlé. Ó ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà tí ó lọ sí Àgbádárìgì.

Ní ọjọ́ tí mo ń wí yìí, olùdíje tí akẹ́kọ̀ọ́ LASU fẹ́ràn jẹ́ ẹni tí ó ń kàwé lọ́wọ́ ní Yunifásítì. Èyí tí aránṣọ fẹ́ràn ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ nítorí orin. Wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tí yóò lọ jìnnà jù nínú àwọn méjèèjì. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń gbóná, akẹ́kọ̀ọ́ LASU ní: "Ẹni tí kò lè parí ilé-ìwé, ìlépa wo ni ó ní? Ó kàn fẹ́ kí ayé mọ òun ni." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Aránṣọ kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí Kùránì rẹ̀, ó ka ibi tí ó kàn án, ó dìde, ó lọ sílé. Kò wá ní ọjọ́ kejì. Kò wá ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ọ̀sẹ̀ 5 ni a kò fi rí i. Nígbà tí mo bi ìyá rẹ̀ léèrè, ohun tí màmá náà sọ fún mi ni pé: "Ùsítáàsì, ó ní òun kì í ṣe ẹni tí ó ní ìlépa, kí ni òun ń wá ní ilé-ìwé kankan?"

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀rọ̀ olórin ni a rò pé à ń sọ. A kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹni tí ó jókòó tì wá ni.

OHUN TÍ Ẹ̀KỌ́ YÌÍ KÌ Í ṢE

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò béèrè pé: kí ni ti Mùsùlùmí nínú ìdíje orin? Àwọn àlùfáà kò fi ẹnu kò lórí orin àti ohun-èlò orin. Àwọn kan kọ̀ ọ́ pátápátá, àwọn kan gba díẹ̀ láyè pẹ̀lú àdéhùn. Ẹ bi ààfáà yín léèrè. N kò kọ ọ̀rọ̀ yìí láti rán yín lọ sí ibi ìdíje, n kò sì kọ ọ́ láti bú ẹni tí ó lọ. Àwa tí a jókòó sílé tí à ń wò ni mo ń bá wí. Mo ń sọ nípa bí a ṣe ń fi ènìyàn wé ènìyàn, tí a ń pe ọ̀kan ní ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń lé, tí a sì ń pe èkejì ní ẹni òfo. Ìyẹn kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ìbáà ṣe ẹni tí ń gbọ́ orin tàbí ẹni tí kì í gbọ́ ọ.

BÍ ÌDÍJE NÁÀ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni irú ìdíje yìí ti gbilẹ̀ ní ọdún 2001 pẹ̀lú ètò tí wọ́n ń pè ní Pop Idol. Amẹ́ríkà gbé tiwọn jáde ní 2002. Ó dé ọ̀dọ̀ wa ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní 2007 pẹ̀lú Idols West Africa. Ní 2008, Project Fame West Africa bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, wọ́n sì ṣe é lọ́dọọdún títí di 2016. Nigerian Idol náà dé, ó dúró fún ọdún mélòó kan, ó sì padà ní 2021. The Voice Nigeria bẹ̀rẹ̀ ní 2016.

Ọ̀nà kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà. Ogunlọ́gọ̀ ènìyàn yóò wá kọrin níwájú àwọn adájọ́. Àwọn adájọ́ yóò sẹ́ wọn títí yóò fi ku ìwọ̀nba díẹ̀. Lẹ́yìn èyí, àwọn tí ń wò nílé ni yóò máa dìbò. Ní ayé àtijọ́ àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù ni wọ́n fi ń dìbò, nígbà tí ó yá ó di orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ìbò rẹ̀ bá kéré jù yóò máa lọ sílé, títí yóò fi ku ẹnì kan.

Ẹ wá wò ó dáadáa: kí ni ìbò yìí ń wọ̀n? Ó ń wọ̀n bí àwọn ènìyàn ṣe fẹ́ràn ẹnì kan ní ọ̀sẹ̀ náà, pẹ̀lú orin tí ó kọ ní ọ̀sẹ̀ náà, àti bí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ṣe ní fóònù àti àkókò tó. Kò sí ẹni tí ìbò bi léèrè pé: kí ni ìwọ yóò máa ṣe ní ọdún 5 sí i? Kò sí ẹni tí ó béèrè pé: nígbà tí wọ́n bá ti pa iná orí pèpéle, ta ni yóò jí ọ láti ṣiṣẹ́? Ìbéèrè wọ̀nyí gan-an ni ìbéèrè ìlépa. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi ìbò wọn ìlépa dà bí ẹni tí ó fi ìgò epo wọn aṣọ.

Ẹ JẸ́ KÍ A WO ÀWỌN TÍ Ó TI KỌJÁ

Ọdún ti gorí ọdún báyìí, a lè wo ẹ̀yìn. Mo mú àwọn tí gbogbo ayé mọ̀.

Ní 2007, Timi Dakolo ni ó borí ní Idols West Africa. Omawumi ni ó ṣe ipò kejì. Àwọn olólùfẹ́ méjèèjì jà nígbà náà bí ẹni pé ayé yóò parí fún ẹni tí kò bá gbà á. Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Àwọn méjèèjì di olórin ńlá. Timi di ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ní The Voice Nigeria ní 2016. Omawumi, tí ó ti kàwé gba oyè nínú ìmọ̀ òfin, jókòó sórí àga adájọ́ Nigerian Idol ní 2024. Ẹni tí ó ṣe ipò kejì ní ọjọ́ kan di ẹni tí ń ṣe ìdájọ́ àwọn tí ń wá ipò kìíní. Ta ni ó borí nínú àwọn méjèèjì? Ìbéèrè náà kò ní ìdáhùn mọ́, nítorí pé kò nítumọ̀ mọ́.

Ní 2008, Iyanya borí ní Project Fame àkọ́kọ́. Ẹ ó rántí pé kì í ṣe ọdún náà ni gbogbo ìgboro fi ń pe orúkọ rẹ̀. Ó tó bí ọdún 4, ní nǹkan bí 2012, kí orin rẹ̀ tí ń jẹ́ "Kukere" tó gbòde. Ilẹ̀kùn ni wọ́n ṣí fún un ní 2008. Ó ṣì rìn púpọ̀ kí ó tó dé inú yàrá.

Ní 2012, Mercy Chinwo borí ní Nigerian Idol. Orin ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì ni ó ń kọ. Orin "Excess Love" tí ó sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo àwọn ẹlẹ́sìn rẹ̀ mọ̀ kò jáde títí di 2018. Láti ìgbà tí ó borí sí ìgbà náà, ọdún 6 ni. Ta ni nínú àwọn olólùfẹ́ tí ó dìbò ní 2012 ni ó ṣì ń ka ọdún nígbà náà?

Wàyí o, ẹ wo ọdún 2013. Olawale ni ó borí ní Project Fame ní ọdún náà. Nínú ilé kan náà ni Niniola àti Johnny Drille wà, kò sì sí èyí tí ó borí nínú wọn. Niniola gbé orin tirẹ̀ jáde ní 2014, ó sì ń bá a lọ títí orin rẹ̀ "Maradona" fi gbòde ní 2017, tí ó fi dé etí àwọn olórin ńlá ní òkè òkun. Johnny Drille padà lọ ń kọ irú orin jẹ́jẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kò lè tà ní Nàìjíríà. Ní 2017 ni ilé-iṣẹ́ orin Mavin gbà á wọlé. Àkójọ orin rẹ̀ àkọ́kọ́ kò jáde títí di 2021.

Ní Amẹ́ríkà náà, ní 2004, wọ́n fi ìbò lé Jennifer Hudson jáde nínú American Idol nígbà tí ó ṣe ipò keje. Ní 2007, ó gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar fún iṣẹ́ rẹ̀ nínú fíìmù.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò sọ pé ó sàn kí ènìyàn fìdí rẹmi. Iyanya borí, ó sì ṣe dáadáa. Chidinma, ọmọ tí wọ́n bí ní Kétu níhìn-ín ní Èkó, borí ní 2010, ó sì ṣe dáadáa. Ọ̀pọ̀ wà tí kò borí tí a kò sì gbúròó wọn mọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ipò tí wọ́n fún ènìyàn ní alẹ́ ìparí kò sọ ibi tí yóò dé, ìbáà ṣe ìkíní, ìbáà ṣe ìkeje. Àwọn tí a kò gbúròó wọn mọ́ ńkọ́? Bóyá wọ́n ní iṣẹ́, bóyá wọ́n ń tọ́ ọmọ, bóyá ọkàn wọn balẹ̀ ju ti àwọn tí à ń rí lójoojúmọ́ lọ. Àìgbúròó ẹni kì í ṣe òfo.

OHÙN, IPÒ, ÌLÉPA ÀTI IṢẸ́

Nínú àríyànjiyàn àwọn olólùfẹ́, ohun 4 ni wọ́n máa ń dà pọ̀ mọ́ ara wọn. Ẹ jẹ́ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀.

Èkíní ni ohùn. Ohùn jẹ́ ẹ̀bùn láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun. Ẹni tí ó ní in kò rà á, ẹni tí kò ní in kò jẹ̀bi.

Èkejì ni ipò. Àwọn ènìyàn ni wọ́n ń fi ipò fúnni, wọ́n sì lè gbà á padà ní ọ̀sẹ̀ tí ó ń bọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìlépa. Inú ọkàn ni ìlépa ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àníyàn. Ìwọ tí o jókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n kò lè rí i. Ohun tí olùdíje sọ fún àwọn oníròyìn ni o gbọ́, kì í ṣe ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀. Ìlépa sì máa ń yí padà. Chidinma tí mo dárúkọ yìí fi orin ìgbafẹ́ "Kedike" gbajúmọ̀ ní 2012. Ní 2021, ó kéde pé orin ẹ̀sìn rẹ̀ ni òun yóò máa kọ láti ìgbà náà lọ. Bí ẹnì kan bá ti búra ní 2012 pé òun mọ ohun tí ọmọbìnrin náà ń lé láyé, ìbúra rẹ̀ ì bá ti di irọ́. Kì í ṣe pé ẹni náà burú. Ohun tí kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni ó búra lé lórí.

Ẹ̀kẹrin ni iṣẹ́, ìyẹn ohun tí ènìyàn ń ṣe lójoojúmọ́ nígbà tí kò sí ẹni tí ń wò ó. Nínú àwọn ohun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, òun nìkan ni ó jẹ́ ti ẹni náà gan-an. Òun náà ni ó sì ṣòro jù láti rí lórí tẹlifíṣọ̀n, nítorí pé kì í dùn ún wò. Ta ni yóò dìbò fún ẹni tí ó ń tún ìlà kan kọ ní ìgbà 40?

KÌ Í ṢE ÒNÍ NI Ó BẸ̀RẸ̀

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ayé òde òní ni ó ba àwọn ọ̀dọ́ jẹ́. Àwa Yorùbá Mùsùlùmí ti ń ṣe ìdíje orin tipẹ́. Ẹ rántí wéré, orin tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí àwọn ènìyàn ní sààrì nínú oṣù Ramadan. Àwọn ẹgbẹ́ oníwéré ní Èkó a máa bá ara wọn díje, àdúgbò sí àdúgbò, tí wọ́n a sì gba ife-ẹ̀yẹ. Láti inú wéré yìí ni Síkírù Àyìndé Barrister ti jáde tí ó fi sọ orin rẹ̀ ní fújì. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1980 sókè, gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ti pín sí méjì: ti Barrister àti ti Àyìnlá Kollington.

Bàbá mi jẹ́ ti Barrister. Àbúrò rẹ̀ jẹ́ ti Kollington. Wọ́n bí mi bá ìtàn náà ni, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí. Wọ́n ń ṣe ìsọmọlórúkọ ní ilé wa ní ọjọ́ kan, wọ́n fi rẹ́kọ́ọ̀dù Barrister sí i. Àbúrò bàbá mi ní kí wọ́n yí i padà. Bàbá mi ní kò sí ẹni tí yóò yí i. Ọ̀rọ̀ di bóyá ẹnì kan ń jowú ẹnì kejì nítorí ilé tí ó kọ́. Ọdún kan gbáko ni àwọn ọmọ ìyá méjì kò fi kí ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí ó tilẹ̀ bọ ọwọ́ rí pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn olórin méjèèjì. Nígbà tí Barrister kú ní London ní oṣù December ọdún 2010, àbúrò bàbá mi yìí ni ó kọ́kọ́ wá sí ilé wa wá bá bàbá mi kẹ́dùn. Wọ́n jókòó pẹ́. Mo gbọ́ tí bàbá mi ń sọ pé: "A fi ọdún kan ṣòfò."

Ẹ rí i pé bí ọ̀rọ̀ Òkokomáìkò ṣe rí náà ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí olórin, wọ́n sì parí rẹ̀ sórí ilé tí àbúrò kọ́ àti èyí tí ẹ̀gbọ́n kò tíì kọ́.

ÈMI NÁÀ TI GBA IPÒ KÌÍNÍ RÍ

Kí ẹ má ba à sọ pé orin ni ó fa gbogbo rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n mú un wá sí orí Kùránì. Gbogbo wa ni a mọ iyì ìdíje kíké Kùránì. Èyí tí ó jẹ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè wa bẹ̀rẹ̀ ní 1986 lábẹ́ Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Sókótó, ó sì ti fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní ìwúrí láti há Kùránì sórí. Ó dára púpọ̀.

Nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún 16, àwọn ilé-kéú mélòó kan ní agbègbè wa ṣe irú rẹ̀ ní kékeré. Mo wọ ìpele àwọn tí ó há apá 10 sórí nínú ọgbọ̀n apá Kùránì. Mo gba ipò kìíní. Wọ́n fún mi ní fáànù, wọ́n gbé mi sí èjìká láti ibẹ̀ dé títì. Ọmọkùnrin kan láti Ọ̀jọ́ gba ipò kẹrin, kò sì sí ẹni tí ó bi í léèrè orúkọ.

Mo wọ Yunifásítì. Mo ní ìwé láti kà, mo ní ọ̀rẹ́, mo sì ní orúkọ "ẹni tí ó gba ipò kìíní". Mo jẹ orúkọ náà bí ẹni ń jẹ oúnjẹ àná. N kò tún Kùránì mi kà mọ́ bí ó ti yẹ. Ní ọdún kẹta, nínú oṣù Ramadan, wọ́n ní kí n wá ṣe imáàmù ìrun táráwíì ní mọ́sáláṣí kan. Mo dé àárín Súrà Al-Ma'ida, mo sé. Mo padà sẹ́yìn, mo tún sé. Ẹnì kan nínú sáàfù kìíní rán mi létí. Mo sé lẹ́ẹ̀kẹta, ó tún rán mi létí pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. Nígbà tí a kírun tán, mo yíjú wo ẹ̀yìn. Ọmọkùnrin ipò kẹrin ni.

Ó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe ní ọjà Alábà nígbà náà. Ó sọ fún mi pé lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, kí òun tó wọ ọkọ̀ lọ sọ́jà, òun máa ń ka apá kan. Kò ṣe é nítorí ìdíje. Ó ti há gbogbo ọgbọ̀n apá sórí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo mọ ohun tí mo ń sọ nígbà tí mo sọ pé ipò kì í ṣe ìlépa. N kò kà á nínú ìwé.

BÍ Ó ṢE YẸ KÍ A FI ÈNÌYÀN WÉ ÈNÌYÀN

Ènìyàn kò lè ṣe kí ó má fi nǹkan wé nǹkan. Ọjọ́ tí a bá ń yan ilé-ìwé, tí a ń yan iṣẹ́, tí a ń yan ọkọ tàbí aya, a óò fi wé ara wọn. Ṣùgbọ́n ó ní ìlànà. Nínú Súrà Al-Hujurat, Ọlọ́hun kìlọ̀ fún wa kí àwọn kan má fi àwọn mìíràn ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí àwọn tí à ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ dára jù wá lọ. Ó dárúkọ àwọn ọkùnrin, ó sì tún dárúkọ àwọn obìnrin lọ́tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má rò pé kò kan òun. Láti inú ìkìlọ̀ yìí ni mo ti yọ ìlànà 4.

1. Má fi alẹ́ kan wọn ọdún mẹ́wàá. Bí o bá fẹ́ mọ ibi tí iṣẹ́ ẹnì kan dé, dúró kí ọdún yípo.

2. Má fi ohun tí ẹnì kan ń lé wọn ẹlòmíràn. Ẹni tí ó ń lọ sí Mile 2 àti ẹni tí ó ń lọ sí Àgbádárìgì lè jọ dúró ní Ìyànà Ìbà. Bí ọ̀kan bá kọ́kọ́ rí ọkọ̀, kò túmọ̀ sí pé ó ti gba iwájú èkejì. Ọ̀nà wọn kò papọ̀.

3. Sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́, má sọ̀rọ̀ lórí ọkàn. O lè sọ pé, "Orin yìí kò dùn mọ́ mi," tàbí "Kò múra sílẹ̀ dáadáa ní ọ̀sẹ̀ yìí." Ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n bí o bá sọ pé, "Òkìkí ni ó ń wá," tàbí "Kò ní ìlépa," o ti wọ ibi tí Ọlọ́hun nìkan ń wọ̀. Olùdíje náà jẹ́ ọmọ ẹnì kan. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn kò dẹ́kun láti jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn nítorí pé ẹni tí à ń sọ wà lórí tẹlifíṣọ̀n.

4. Kí o tó sọ̀rọ̀, wo ẹni tí ó jókòó tì ọ́. Nígbà tí o bá ń pe aláìríṣẹ́ orí tẹlifíṣọ̀n ní ọ̀lẹ, ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò tíì ríṣẹ́ kò sí nínú yàrá? Nígbà tí o bá ń pe ẹni tí kò parí ilé-ìwé ní aláìmọ̀kan, ṣé ìyá rẹ parí tirẹ̀?

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àkókò kún un. Bí ètò kan bá gba wákàtí 2 ní ọ̀sẹ̀ kan, tí ó sì lọ fún ọ̀sẹ̀ 13, wákàtí 26 ni, láìka àríyànjiyàn ọjọ́ Ajé. N kò sọ pé kí ẹ má sinmi. Ohun tí mo ń béèrè ni èyí: lẹ́yìn wákàtí 26 tí o fi wo bí ẹlòmíràn ṣe ń lé nǹkan tirẹ̀, wákàtí mélòó ni o fi lé tìrẹ?

ÒPIN Ọ̀RỌ̀ ÀWỌN Ọ̀RẸ́ MÉJÌ

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ náà ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọdé ni ó ń rán. Mo sọ fún un pé: "Mo wá tọrọ àforíjì. Mo rẹ́rìn-ín níbi tí ó yẹ kí n ti bá ẹni tí ó sọ̀rọ̀ wí." Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Háà, Ùsítáàsì, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀." Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó ní, "Ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀yin náà rò pé mo ní ìlépa?"

N kò dá a lóhùn ní tààrà. Mo bi í léèrè ohun tí ó ṣe láti àárọ̀. Ó ní òun ti rán aṣọ 5. Mo wo ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì rẹ̀, mo rí ìwé ìbéèrè JAMB àtijọ́ tí ó ti gbó, tí ó fi ègé aṣọ sàmì sí ojú ewé. Ó ní bí iná bá lọ tí máṣíìnì dúró, òun a máa ka ojú ewé kan. Mo ní, "O ti dá ara rẹ lóhùn."

Ó padà sí kéú ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo kíláàsì, ó sì dárí jì í. N kò ní parọ́ fún yín: ó pẹ́ kí wọ́n tó tún jọ wọ kọ̀rọ̀pẹ kan náà. Ọ̀rọ̀ dà bí ẹyin, bí ó bá bọ́, kíkó rẹ̀ a máa ṣòro. Ẹni tí ó borí ní Nigerian Idol ọdún náà ni Victory Gbakara. Kò sí èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀ nínú àwọn olùdíje tí àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì torí wọn jà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ẸGBẸ́

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ipò àti iṣẹ́? Mú àpẹẹrẹ kan wá láti àdúgbò rẹ.

2. Nínú àwọn olùdíje tí a dárúkọ, ta ni ìlépa rẹ̀ yí padà? Ṣé àbùkù ni kí ìlépa ènìyàn yí padà?

3. Rántí ìgbà kan tí o sọ̀rọ̀ nípa ẹni orí tẹlifíṣọ̀n tí ó sì ba ẹni tí ó wà nítòsí rẹ. Kí ni o lè ṣe sí i lónìí?

4. Kí ni ohun kan tí o gba ìyìn fún rí tí o kò ṣe mọ́? Nígbà wo ni ìwọ yóò padà sí i?

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ ahọ́n wa, kí ó sọ ìlépa wa di rere, kí ó sì fún wa ní agbára láti ṣiṣẹ́ ní ibi tí ojú ènìyàn kò tó. Àmín. Wàsàlámù àlékúmù.